Edé inú sambal: ìrírí mi nínú ẹgbẹ́ oúnjẹ Éṣíà kan ní Manchester

Láti ìgbà tí àwọn ará ilé ti gbọ́ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń se oúnjẹ àwọn ará Éṣíà ní Manchester, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Màá dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe oúnjẹ Éṣíà, ìbáà ṣe oúnjẹ Yorùbá ni wọ́n fẹ́ máa sè fún ará àdúgbò. Ohun tó fẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká kì í ṣe pé oúnjẹ wa kò dùn. Ó dùn. Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú họ́ọ̀lù, oúnjẹ tó dùn náà ló sì jẹ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dé ìlú náà. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Fílípìnì wà níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ la sábà máa ń jọ ṣe iṣẹ́ òru. Lóru ọjọ́ kan ó ṣí ike oúnjẹ rẹ̀, mo rí nǹkan kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésèé àlùkò. Ó ní ube ni, pé iṣu ni. Nígbà tó fi àwòrán iṣu náà hàn mí lórí fóònù, ewùrà ni mo rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ewùrà ni ìyá mi fi ń se ìkọ́kọrẹ́ fún wa, kò sí bí mo ṣe lè ṣì í mọ̀. Irú iṣu kan náà sì ni lóòótọ́, Dioscorea alata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, apá Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ló sì ti gbéra kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò náà, ọ̀hún ni wọ́n ti wá. Àwọn náà gba nǹkan lọ́wọ́ wa: ní 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin tí ìran wọn ti Áfíríkà wá sí ọgbà ewéko Bogor ní Java, ara àwọn yẹn sì ni púpọ̀ nínú ọ̀pẹ tó kún Màléṣíà àti Indonéṣíà lónìí ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bi mí mọ́ pé kí ló kàn mí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni nọ́ọ̀sì náà mú mi lọ. Họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ń lò. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó bá mọ oúnjẹ ìlú rẹ̀ sè á wá kọ́ àwọn yòókù, a óò sè é, a óò jẹ ẹ́, ẹni tó bá sì wọlé láti ìta náà á jẹ níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà láti Penang ní Màléṣíà. Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀: "Àǹtí ti sọ fún ẹ pé kí o dín iná yẹn kù." Bàbá kan wà láti Sylhet ní Bàǹgíládẹ́ṣì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kòríà, obìnrin kan láti Jàpáànì, àti àwa díẹ̀ tí a kò ti Éṣíà wá rárá.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ wa ní ube halaya. A se ewùrà náà, a rin ín kúnná, a dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi tí a fún lára àgbọn rínrin, bọ́tà àti mílíìkì alágolo tó nípọn, ó sì ní ká máa rò ó. A rò ó títí apá fi ń ro wá. Bó bá ti ń yí ní ìkòkò láìlẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí orógùn sì ń wúwo lọ́wọ́ bíi ti ẹni tó ń ro àmàlà fún èrò, ó ti jinná nìyẹn.

Ní Sátidé mìíràn, bàbá ará Sylhet tú ewé kan sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Mo ní, "Bàbá, ewédú lẹ kó wá yẹn." Ó ní ewébẹ̀ ìlú àwọn ni. Òun fi áyù, ata gbígbẹ àti òróró músítádì dín tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìdajì, mo se é pẹ̀lú irú tí mo rà ní Moss Side, àdúgbò kan ní Manchester. Obìnrin ará Jàpáànì náà wò ó, ó ní àwọn ń jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, moroheiya ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tó gbóòórùn irú, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú natto rẹ̀ jáde láti inú fíríìjì. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan ni natto, ó ń yọ̀, ó ń fà. Kòkòrò tín-tìn-tín kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú natto àti nínú irú. Àwọn tó kù ń fọwọ́ bo imú. Èmi àti ẹ̀ jẹ ẹ́.

Mo ń sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ lè mọ irú ayọ̀ tó wà níbẹ̀. Ayọ̀ yẹn ni kò jẹ́ ká béèrè ohun tó yẹ ká béèrè. Ẹni tó ń sè kì í ka ohun tó ń bù sínú ìkòkò lésẹẹsẹ fún ẹnikẹ́ni, nítorí láti kékeré ló ti ń bù ú. Ẹni tó ń jẹ kì í béèrè, kó má baà dà bí ẹni tó ń ṣa oúnjẹ jẹ. Bákan náà la kò béèrè ẹni tó ń fọ ìkòkò, a kò sì béèrè ẹni tó ń sanwó ọjà.

Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, 10 Oṣù Kejì, 2024. Ọdún dírágónì ni. A pinnu láti pe gbogbo àdúgbò. Èrò pọ̀ jù bí a ti rò lọ, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwa tó wà nídìí iná kò ríbi yíjú sí. Àǹtí dín kangkung. Ewé kan tó máa ń hù lẹ́bàá omi ni, igi rẹ̀ ní ihò nínú. Sambal belacan, ìyẹn ata gígún tí belacan wà nínú rẹ̀, ló fi dín in.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe belacan, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Edé wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n á jẹ́ kó kan, tí wọ́n á gún, tí wọ́n á sá sóòrùn títí á fi dì bí ọṣẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á yan án lórí iná gbígbẹ. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún un mọ́ ata tútù nínú odó òkúta, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó ti yọ́ tán pátápátá kó tó débi ewébẹ̀. Ojú kò lè rí edé kankan níbẹ̀. Ewé tútù tó ń dán ni èèyàn máa rí.

Ẹnìkan nínú wa kọ "Ewébẹ̀" sí iwájú àwo náà, ó ya ewé kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tí kì í jẹ ẹran lè mọ̀ pé tiwọn ni. Obìnrin kan dé ìdí tábìlì. Ó sọ fún ọmọkùnrin tó ń bu oúnjẹ pé ara òun kò gba edé àti akàn, pé kí ló wà nínú èyí? Ọmọ náà wo káàdì, ó ní ewébẹ̀ lásán ni.

Kò pẹ́ rárá. Mo gbé àwo ìrẹsì jáde láti kíṣìnnì, mo rí i tó di ètè mú. Ètè náà ti ń wú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Abẹ́rẹ́ adrenaline tó ń gbé kiri nítorí irú èyí wà nínú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè ṣí síìpù báàgì náà. Nọ́ọ̀sì wa ló já báàgì náà gbà, ó gún un ní ẹ̀gbẹ́ itan láti orí ṣòkòtò, ó sì kígbe sí mi pé kí n pe 999. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rántí ohùn ara mi lórí fóònù, mo ń ṣe àlàyé nípa oúnjẹ, nípa ọdún tuntun, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì náà tún kígbe pé: "Sọ fún wọn pé anaphylaxis ni!" Bí mo ti dárúkọ yẹn báyìí, ohùn ẹni tó ń gbọ́ mi yí padà, ó ní áńbúláǹsì ti ń bọ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn, anaphylaxis, sórí: òun ni wọ́n ń pè é nígbà tí ara bá kọ oúnjẹ tàbí nǹkan mìíràn débi tó lè pa èèyàn. Tí ẹ bá wà ní Ìlú Ọba tí irú èyí ṣẹlẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹni náà dìde rìn. Kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ pé mímí ló ń ni ín lára, ẹ jẹ́ kó jókòó. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tó sì ní abẹ́rẹ́ kejì lọ́wọ́, ẹ gún un. Kódà bó bá ní ara òun ti yá, ilé ìwòsàn ni kó lọ, nítorí àìsàn náà lè padà.

Obìnrin náà yè. Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n sì jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kò sí ìjà. Kò tún wá sọ́dọ̀ wa mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àárín àwa fúnra wa ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́ sílẹ̀. Lórí WhatsApp, àwọn kan ní Àǹtí ló yẹ kó sọ. Ẹlòmíràn ní ọmọ tó bu oúnjẹ ni. Ẹlòmíràn ní ẹni tó kọ káàdì ni. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé oúnjẹ tó ní òórùn báyẹn kò yẹ kó wọ họ́ọ̀lù rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn dun èmi tí mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa irú wa. Àǹtí dáhùn ẹ̀ẹ̀kan péré: "Kangkung belacan ni mo pè é nígbà tí mò ń gbé e jáde. Ta ni kò mọ belacan?" Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́.

Mo lọ kí i nílé rẹ̀. Ó fún mi ní tíì tó fi mílíìkì sí, tó ń dà á láti ife kan sí èkejì títí ó fi yọ fọ́ọ̀mù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá." Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ọmọ mi, o mọ ẹni tó ń fọ ìkòkò wok nínú họ́ọ̀lù yẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ á máa ya fọ́tò. Àǹtí á wà nídìí omi. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ṣé ẹ̀yìn kò dùn mí. Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ ni gbogbo yín wá rántí pé èmi ni mo ni ìkòkò."

N kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó, mo ń ronú sí i. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ. Àwa náà kò béèrè, bẹ́ẹ̀ ni a kò béèrè nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára kì í wá sẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àtúnṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a yí padà ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ káàdì. Ẹni tó sè kì í kọ ọ́ fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò mọ oúnjẹ náà rí ló máa jókòó tì í, tí á máa bi í léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí lo kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò? Kí ló tẹ̀lé e? Òróró wo ni? Kí lo fi òróró yẹn dín tẹ́lẹ̀? Gbogbo ìgò àti ọ̀rá tó lò máa wà lórí tábìlì, a ó ka ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó mọ oúnjẹ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùbéèrè, nítorí òun náà á fò ó bí ẹni tó sè é ṣe fò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin Yorùbá fetí sí èyí dáadáa. Nígbà tó kàn mí láti se ẹ̀fọ́ rírò fún àlejò, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ará Kòríà náà ló bi mí léèrè. Mo ka tẹ̀tẹ̀, tàtàṣé, àlùbọ́sà, epo pupa, irú, iyọ̀, magí. Mo ní ó ti tán. Ó ní, "Ìyẹ̀fun wo ló wà nínú ike kékeré yẹn?" Edé gbígbẹ lílọ̀ ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́, kò wá sí mi lọ́kàn pé òun náà jẹ́ nǹkan kan lọ́tọ̀. Ó tún yí páálí magí padà, ó rí àlìkámà àti sẹ́lẹ́rì lára rẹ̀. Irú náà, ó ní kí n béèrè bóyá irúgbá ni wọ́n fi ṣe é tàbí ẹ̀wà sóyà, nítorí àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe é. Ìkòkò ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo nìyẹn.

Òfin ilẹ̀ yìí dárúkọ nǹkan 14 tó gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún ẹni tó ń jẹun: sẹ́lẹ́rì, àwọn ọkà tó ní gluten bí àlìkámà, edé àti akàn, ẹyin, ẹja, lupin (irú ẹ̀wà kan), mílíìkì, ìgbín òkun àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, músítádì, ẹ̀pà, yànmọ̀tí, sóyà, sulphite (èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́), àti èso bí káṣú àti álímọ́ńdì. Láti Oṣù Kẹwàá 2021, oúnjẹ tí wọ́n bá dì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á gbọ́dọ̀ ní orúkọ gbogbo èròjà rẹ̀ lára. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, ló kú ní 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀, tí wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ikú rẹ̀ ló bí òfin náà. Mo ka ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ọdún wa yẹn, n kò lè sùn.

Nínú oúnjẹ Éṣíà, àwọn ibi tí nǹkan ń sá pamọ́ sí nìwọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí wọn nídìí káàdì wa. Kimchi: kábéèjì àti ata lojú ń rí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ará Kòríà máa ń fi edé oníyọ̀ tàbí omi ẹja sí i. Ọbẹ̀ miso: ẹ̀wà sóyà ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ẹja bonito gbígbẹ ni wọ́n sábà fi ń se omi rẹ̀. Ata lílọ̀ àwọn ará Táílándì tó wà nínú ike, edé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Omi sóyà dúdú, àlìkámà wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Hing tí àwọn ará Íńdíà ń bù sínú ẹ̀wà, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Òróró músítádì bàbá Sylhet tilẹ̀ tún lọ́tọ̀: lórí igò rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ pé ara nìkan ni kí a máa fi pa. Bàbá náà ń bínú, ó ní òun ni ìyá òun fi tọ́ òun dàgbà. A gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lò ó fún àlejò mọ́.

Ìrẹsì nìkan tó ohun tí mo lè fi odindi ọjọ́ sọ. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí a kò tíì sè, Bacillus cereus, tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú sínú omi gbígbóná. Bí ìrẹsì bá wà nílẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á hù, á sì tu májèlé síbẹ̀, bí a bá sì tún un gbé kaná, májèlé náà kò ní lọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni níbí ni pé kí ìrẹsì tó ṣẹ́kù tutù láàárín wákàtí kan, kó wọ fíríìjì, kí a jẹ ẹ́ tán kó tó di wákàtí 24, kí a má sì gbé e kaná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó bá wà lórí tábìlì, kó gbóná ju 63°C lọ. Mo ronú kan àwọn kúlà ìrẹsì tí a máa ń dé mọ́jú lẹ́yìn òde ìnáwó, tí a ó tún ṣí láàárọ̀ tí ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a ó pín fún ará ilé. Àwa náà ti jẹ ẹ́ títí, inú sì ti run ọ̀pọ̀ wa tí a ń sọ pé ẹran ló fà á. A ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ oúnjẹ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Kò wọ́n. A máa ń tẹ́ ìrẹsì sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kó lè tètè tutù.

Èèyàn á tún bi yín nípa àjínómótò. Kò sí ọjọ́ àlejò tí ẹnìkan kì í sọ pé òun gbọ́ pé ó ń fa orí fífọ́. Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tókíò, Kikunae Ikeda, ló yọ ọ́ jáde láti ara kombu, ewé inú òkun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ní 1968, dókítà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Amẹ́ríkà pé ara òun máa ń ṣe bákan lẹ́yìn tí òun bá jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, láti ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti gbòde kan. Èmi kò bá wọn jiyàn. A kọ ọ́ sí káàdì bó bá wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ á kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gba sùúrù ju èyí lọ. Éṣíà kì í ṣe ilé kan. Nínú họ́ọ̀lù kan náà, Mùsùlùmí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́sìn Híńdù mìíràn kò jẹ màlúù, ẹlẹ́sìn Jain kan tó ń bẹ̀ wá wò kì í jẹ àlùbọ́sà, áyù tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé kí a máa se oúnjẹ tí gbogbo wọn lè jẹ. Oúnjẹ tó jáde níbẹ̀ kò ní ìlú. A jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó tán ọ̀rọ̀ náà ni ìgbakọ tó ní àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti ìkòkò kan tí ẹran kò wọ̀ rí láéláé. Ẹ ra ìkòkò yẹn ní tuntun, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá fi tọrẹ.

Owó ńkọ́? A gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ á sọ nǹkan sínú rẹ̀, a sì rò pé ó ti parí. Ó pẹ́ ká tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ará Kòríà náà kì í gba owó ọjà padà. Ojú ń tì í láti béèrè. Kábéèjì, ata pupa, áyù, owó oúnjẹ tirẹ̀ ló fi ń rà wọ́n ní Chinatown, tí á máa jẹ núdù gbígbẹ nínú yàrá rẹ̀ títí oṣù á fi parí. Ìtìjú bá mi nígbà tí mo gbọ́, nítorí èmi náà ti jẹ nínú kimchi yẹn, mo sì ti mú lọ sílé. Ní báyìí, a kì í fi owó ẹnikẹ́ni ra nǹkan. Ẹni méjì ló ń ṣí àpótí, wọ́n ń ka owó, wọ́n á kó o fún ẹni tó ń sè kó tó lọ sọ́jà, á sì mú rìsíìtì bọ̀. Bí owó kò bá tó ra edé ńlá, ẹ̀wà la máa sè. Dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn ará Íńdíà, pẹ̀lú ìrẹsì ti bọ́ èèyàn púpọ̀ ju ohunkóhun lọ nínú họ́ọ̀lù yẹn.

Ẹgbẹ́ tó bá sì ń se oúnjẹ fún aráàlú déédéé ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá wo kíṣìnnì wa, mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìbáwí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni wọ́n fún wa, títí kan ibi tó yẹ kí ọṣẹ ìfọwọ́ wà.

Ìkòkò fífọ̀ ló gbẹ̀yìn, òun ló sì le jù. A kọ orúkọ sára ògiri, ẹni tó sè lọ́jọ́ kan kò ní fọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin kan tó máa ń wá jẹun nìkan kò wá mọ́ nígbà tí wọ́n rí orúkọ wọn níbẹ̀. Ó dùn mí, torí ọ̀yàyà wọn dára. Àwọn tó dúró kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ń tètè délé, ara kì í sì í ro ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa fọ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ àwọn tó máa sè. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Mo mú àwòrán ìwé orúkọ yẹn lọ fún Àǹtí. Ó wò ó, ó rí i pé orúkọ òun kò sí níbi fífọ̀ rárá, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, pé òun kì í ṣe àlejò. Oṣù Kọkànlá ló padà, nígbà tí a ń ṣe kimchi ọdún. Àwọn ará Kòríà máa ń péjọ ṣe é kí òtútù tó mú gan-an, kimjang ni wọ́n ń pè é, UNESCO sì ti kọ àṣà náà sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní láti 2013. A to kábéèjì oníyọ̀ sórí tábìlì gígùn, olúkúlùkù wọ ìbọ̀wọ́, a ń fi ata ra á láàárín ewé kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ló jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà láti bi í léèrè fún káàdì. Ó bi í, ó tún un bi, ó ka gbogbo igò.

Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, kò se kangkung belacan fún àlejò mọ́. Ó ń sè é ní àwọn Sátidé tí ó mọ gbogbo ẹni tó wà nílé, bí a bá ti pe àdúgbò, á fi áyù lásán dín in. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Oúnjẹ Penang ni, ó dára, kò yẹ kó máa sá pamọ́ nítorí ohun tí àwa kò béèrè. Mo ní kó sè é, kí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ EDÉ síwájú rẹ̀, kí a gbé e sórí tábìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń bù ú jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ṣì ń rí ètè obìnrin yẹn lójú. Mo ní èmi náà ń rí i. A tún máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.